Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Láti ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ títa tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ní Èkó ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Òkè-Ìléwó níbí ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn baba mi. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè pé kí ni ohun tí àwọn oníbàárà ń bi mí jù lọ, tí ó tilẹ̀ ju ọ̀rọ̀ owó lọ, n óò dáhùn pé ọ̀rọ̀ wákàtí ni. Ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pè kí ó wá bá òun gbé ọmọ tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gba àyè ní yunifásítì, oníṣòwò àdìrẹ láti Ìtòkú tí ó fẹ́ gbé ọjà lọ bá àwọn ará wa lókè òkun, gbogbo wọn, bí wọ́n bá ti jókòó tán, ohun kan náà ni wọ́n ń wí: “Wákàtí mélòó ni láti ibí dé Lọ́ńdọ̀nù?” Èsì tí iṣẹ́ kọ́ mi láti fún wọn kò gùn: wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Òtítọ́ ni èsì náà. Ó wà nínú ìwé, ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, awakọ̀ òfurufú pàápàá yóò sì wí bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàálù bá gbéra. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, bí mo sì ti ń pẹ́ sí i nídìí iṣẹ́ yìí ni mo túbọ̀ ń rí i pé kò sí ibi tí òwe náà ti wọlé tó orí ìrìnàjò ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ń re ìlú ọba.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bu iyì fún ohun tí ó dájú. Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ní Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, bí a bá gba ojú òfurufú láì yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 3,100 máìlì. Àwọn onímọ̀ pín ọ̀nà tí ó ti gúúsù ayé lọ sí àríwá sí ìwọ̀n-ìwọ̀n, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì gùn tó nǹkan bí 111 kìlómítà. Èkó jókòó sí ìwọ̀n mẹ́fà àbọ̀ lókè ìlà tí ó la ayé sí méjì, Lọ́ńdọ̀nù jókòó sí ìwọ̀n 51 àbọ̀, ìwọ̀n 45 ni ó sì wà láàrin wọn. Ẹni tí ó bá sọ 45 di ìlọ́po 111 yóò rí i pé àwa tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kò purọ́. Àwọn ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ìlà kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, èyí ni kò sì jẹ́ kí aago wọn jìnnà sí ara wọn: nígbà ooru tiwọn, aago wa àti tiwọn dọ́gba, nígbà òtútù, tiwọn a fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ẹni tí ó ń lọ sí Niu Yọ́ọ̀kì ni ó mọ bí aago ti ń da ara láàmú, nítorí nǹkan bí 8,400 kìlómítà ni tirẹ̀, ìwọ̀-oòrùn ni ó sì ń lépa, níbi tí ẹ̀fúùfù ńlá òkè ọ̀run ti máa ń dojú kọ bàálù ní àlọ, tí ó sì ń tì í lẹ́yìn ní àbọ̀, tí ìpadàbọ̀ fi ń yá ju lílọ lọ.

Ohun kan wà nínú ìṣirò yìí tí ó máa ń mú mi ronú. Bí a bá ta okùn láti Ìkẹjà sí Lọ́ńdọ̀nù lórí àwòrán ayé tí ó rí roboto, okùn náà yóò kọjá nítòsí Òkè Olúmọ gan-an, nítorí àríwá Ìkẹjà ni Abẹ́òkúta wà, ìhà kan náà tí Lọ́ńdọ̀nù wà. Nítorí náà, gúúsù ni ọmọ Lísàbí tí ó ń re ìlú ọba kọ́kọ́ ń kọjú sí. Yóò di ẹrù rẹ̀, yóò dágbére fún ará ilé, yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìkẹjà, yóò dúró níbẹ̀ títí ara yóò fi sú u, lẹ́yìn èyí ni bàálù yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọrí padà sí ìhà ibi tí ó ti wá. Láti Abẹ́òkúta dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà kò pé 70 kìlómítà bí a bá fi okùn wọ̀n ọ́n. Bàálù tí ó bá ti wà lójú eré rẹ̀ yóò fò ó láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún; ọmọ Ẹ̀gbá sì lè lo ààbọ̀ ọjọ́ lórí rẹ̀.

Àwọn baba wa kò ka ọ̀nà ní wákàtí. Ọjọ́ ni wọ́n ń kà, wọ́n ń ka ọjà, wọ́n sì ń ka oṣù tí ó lé. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n ń béèrè bóyá ọ̀nà là tàbí kò là. Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù, gba Àgbádárìgì wọ Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 1843, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Nígbà tí òun àti Àjàyí Crowther tún dé sí Àgbádárìgì ní 1845 láti wá tẹ̀dó sí ìlú náà, Ṣódẹkẹ́ kú, ogun dí ọ̀nà, ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ lè rìn láàrin ọjọ́ díẹ̀ sì gba ọdún kan àbọ̀ lọ́wọ́ wọn. Oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tó wọ ìlú. Nínú oṣù náà gan-an ni Crowther rí ìyá tí ó bí i lọ́mọ ní Abẹ́òkúta. Ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ibi tí ó jẹ́ ìrìn ọjọ́ díẹ̀ sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n kí ó tó rí ìyá rẹ̀, ó ti gba Èkó kọjá, ó ti gba orí òkun dé Sàró, ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ti fi í jẹ àlùfáà níbẹ̀, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sì ti lọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn yìí ni mo ti mọ̀ pé jíjìn àti pípẹ́ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀nà lè kúrú kí ìrìn rẹ̀ pẹ́, ó sì lè gùn kí ìrìn rẹ̀ yá. Ohun tí ó dúró sí àárín méjèèjì ni ó yẹ kí ènìyàn máa béèrè.

Lẹ́yìn èyí ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí yá. Ojú irin tí ó ti Èkó wá la ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, tí ìrìn Èkó fi di ohun tí ènìyàn lè ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní 1904, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú ọba, òun àti Ọba Edward Keje sì fojú kanra. Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ka irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn ọmọ wa tí ń lọ kọ́ iṣẹ́ amòfin, iṣẹ́ dókítà àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi ilé iṣẹ́ Elder Dempster, èyí tí òkìkí rẹ̀ sì kàn jù nínú wọn, Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ń lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá láàrin Èkó àti Liverpool. Àgbà olùkọ́ kan tí mo máa ń ṣètò ìrìn rẹ̀ nígbà ogbó rẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tí ọkọ̀ wọn fi máa kan Las Palmas, gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá tí ó wà nínú rẹ̀ ti mọ ara wọn, wọ́n ti mọ agbo ilé tí olúkúlùkù ti jáde, wọ́n ti mọ ẹni tí yóò wọ̀ sí ọ̀dọ̀ ta ni, ẹni tí kò sì ní ibi tí yóò wọ̀ sí ti rí ẹni tí yóò gbà á. Ó ní ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lórí omi náà ni ó ṣètò òkú ọ̀kan nínú wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Nígbà tí ó sọ èyí tán, ó bi mí bóyá ẹni tí ó jókòó tì í nínú bàálù ìjẹta mọ orúkọ òun. N kò rí èsì fún un.

Bàálù ti ń ná Èkó láti 1936, nígbà tí àwọn ará Imperial Airways mú ọ̀nà wọn dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà náà bíbalẹ̀ àti gbígbéra rẹ̀ lójú ọ̀nà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ ni wọ́n ń fi kà á. Nígbà tí ìran tèmi fi máa dàgbà, a ti ní Nigeria Airways tiwa, ó sì ti di wákàtí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé nítorí pé ó di wákàtí, ìdágbére náà di kékeré. Títí di ìparí àwọn ọdún 1970, bí ọmọ kan bá ń lọ láti Abẹ́òkúta, agbo ilé rẹ̀ ni yóò gbéra. Wọn yóò gba mọ́tò ńlá, baba yóò jókòó síwájú, àwọn ìyá yóò gbé ìrẹsì Ọ̀fadà àti èlùbọ́ láfún tí wọ́n dì pa mọ́ sórí ẹsẹ̀, àlùfáà tàbí pásítọ̀ yóò gbàdúrà kí wọ́n tó kúrò nílé, wọn yóò tún gbà á ní Ìkẹjà, ẹnì kan kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí bàálù yóò fi gbéra tí ìró rẹ̀ yóò fi tán létí wọn. “O ó lọ ire, o ó bọ̀ ire, ọ̀nà á là, o ò ní fẹsẹ̀ kọ.” Mo ti gbọ́ àdúrà náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ pé àwọn tí ń gbà á kò ṣírò ọ̀nà ní wákàtí mẹ́fà. Wọ́n mọ̀ pé ọdún mẹ́rin, ọdún méje, ni ọmọ náà ń lọ, wọ́n sì dágbére fún un ní ìwọ̀n ọdún náà. Lónìí, ẹ̀gbọ́n kan yóò wakọ̀ gbé àbúrò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, yóò já a sílẹ̀ kí àwọn agbófinró tó lé e, yóò sì ti padà dé Sángò kí ẹni tí ń lọ tó kọjá lọ́dọ̀ àwọn tí ń wo ìwé. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ojú pópó kò fàyè gba agbo ilé mọ́. Síbẹ̀, ohun tí ó sọnù kò kéré.

Àyípadà mìíràn wà tí àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ yìí kò lè mọ̀. Nígbà tí mo wọ iṣẹ́, máìlì ni owó tíkẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ lé. A ní ìwé kan tí a ń pè ní ABC, tí ó nípọn bí odi, tí gbogbo àkókò bàálù ayé wà nínú rẹ̀, a sì ní ìwé mìíràn tí ó ń sọ iye máìlì tí ènìyàn lè rìn láàrin ìlú kan àti èkejì lórí owó kan náà. Iye náà máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ju ọ̀nà tààrà lọ, kí èrò lè rí àyè yà. Bí ó bá kọjá iye yẹn, a ó fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún owó rẹ̀, tàbí mẹ́wàá, títí dé márùndínlọ́gbọ̀n. Òun ni ó mú kí ẹni tí ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lè sọ̀ ní Róòmù kí ó kí àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà, kí ó sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, kí ó sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, láìfi kọ́bọ̀ kún un. Ẹ̀tọ́ àtiyà kí ará ni mo ń pe òfin náà lọ́kàn mi, nítorí ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé arìnrìnàjò kì í ṣe ẹrù. Ọwọ́ wa ni a fi ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, lórí ìwé oníkábọ̀n pupa tí ó máa ń ba ọwọ́ ẹ̀wù jẹ́, títí di 2008 tí ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ bàálù àgbáyé fi òpin sí tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé. Ní báyìí, ọjọ́ tí ènìyàn rà á àti wákàtí tí ó rà á ni ó ń pinnu owó. Ọ̀nà kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti ta tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù tí ó gba Addis Ababa lọ, tí èrò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kọrí sí ìlà-oòrùn dé òpin ilẹ̀ Áfíríkà kí ó tó yí padà, tí ìrìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ọ̀nà tààrà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ẹni tí ó lọ tààrà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tí ó sun orí àga ní pápákọ̀ ìlú àjèjì nítorí kí ọmọ rẹ̀ lè dín owó kù ti san ìyókù owó náà pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wúwo sí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ọjọ́ tí Lọ́ńdọ̀nù jìnnà sí Abẹ́òkúta, n óò sọ oṣù àti ọdún fún un: oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọ Nàìjíríà tí ó fẹ́ lọ kí ènìyàn rẹ̀ ní ìlú ọba kò nílò kí ó kọ́kọ́ gba físà nílé. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni yóò mú lọ́wọ́, tí àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ yóò sì bi í ní ìbéèrè wọn. Mo rántí oníṣòwò obìnrin kan láti Kútọ̀ tí ó máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ Ajé, tí ó máa ń wọ bàálù ní Ọjọ́bọ̀, tí ó sì máa ń padà sí ìsọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án náà, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ará Nàìjíríà, Gánà, Íńdíà, Pakísítánì àti Bangladesh yóò máa gba físà kí wọ́n tó wá. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba tiwa ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ owó tí a ń pè ní SFEM, náírà sì wólẹ̀ lójijì. Oṣù kan ṣoṣo ni ọ̀nà wa fi gùn lẹ́ẹ̀mejì. Bàálù kò dín eré rẹ̀ kù. 5,000 kìlómítà náà kò lé, kò dín. Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni ó ṣì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n obìnrin Kútọ̀ yìí kò rí Lọ́ńdọ̀nù mọ́ títí ó fi jọ̀wọ́ ìsọ̀ rẹ̀ fún ọmọ.

Kì í ṣe òní ni ìwé ti ń di ògiri fún wa. Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, akọni obìnrin tí ó ṣíwájú àwọn ìyá wa ní Ẹ̀gbá, bá ikọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1947 láti bá òyìnbó jà lójú ara wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó ti Ṣáínà dé láàrin àwọn ọdún 1950, ìjọba kọ̀, wọn kò sọ ìwé ìrìnnà rẹ̀ dọ̀tun. Bàálù ń gbéra ní Ìkẹjà, ó ń fò lórí rẹ̀ lọ, òun tí ó ti dé ibi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò dé sì ń wò ó láti ilẹ̀. Ohun tí wọ́n fi jẹ ẹnì kan níyà nígbà náà ni ó ti di oúnjẹ òòjọ́ gbogbo wa. Ìyá kan wà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń retí láti wá gbé ọmọ àkọ́bí jó. A kọ ìwé, a kó ẹ̀rí, wọ́n kọ̀ ọ́; a tún kó o, wọ́n ní kí ó dúró. Nígbà tí físà náà fi máa jáde, ọmọ tí ó ń lọ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ti ń sáré nínú ilé. Ìyá náà lọ ṣá, nítorí ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n bí mo ti ń fi ìwé rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó tún béèrè lọ́wọ́ mi pé wákàtí mélòó ni. Ẹnu mi kọ̀ láti sọ pé mẹ́fà àbọ̀ ni.

Ọ̀nà ilẹ̀ tún wà nílé. Ẹni tí ó bá ní bàálù aago mọ́kànlá alẹ́ ní Ìkẹjà, tí ó sì ní ọgbọ́n, yóò kúrò ní Abẹ́òkúta nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Yálà ó gba Ìtórí àti Ìfọ̀ lọ sí Sángò-Ọ̀tà, níbi tí títì ìjọba àpapọ̀ ti fọ́ tí wọ́n sì ti tún un ṣe lọ́nà tí kò fi ní pẹ́ tí yóò tún fọ́, tàbí ó gba Kọ́bapẹ́ àti Ṣíún bọ́ sí títì Ìbàdàn, kí ó sì bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ pàdé ní Mọ́wẹ̀ àti Ìbàfò, kò sí èyí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé. Rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí ó ní ibùdókọ̀ ní Ládérìn tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, ti ràn wá lọ́wọ́, mo sì máa ń gba àwọn oníbàárà mi níyànjú láti wọ̀ ọ́ dé Agége. Ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ lóòjọ́ kò pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo bàálù ni ó bá àkókò rẹ̀ mu. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa kọ́ pápákọ̀ òfurufú sí Ìpẹru ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ohun ìwúrí sì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ń lọ sí òkè òkun láti Ẹ̀gbá ṣì ń wo Ìkẹjà. Ẹ wá ka gbogbo rẹ̀ papọ̀: ìrìn títì, wákàtí mẹ́ta tí wọ́n ní kí ènìyàn ṣáájú bàálù dé, fífò fúnra rẹ̀, ìlà gígùn níwájú àwọn aṣọ́bodè, ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ẹni tí ó ń gbà á, mo ti ṣírò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í sábà dín ní wákàtí 20. Fífò náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, síbẹ̀ òun nìkan ni à ń dárúkọ.

Bí mo bá ń tẹnu mọ́ èyí, ó ní ìdí. Ní ìgbà tí ẹ̀rọ ìléwọ́ kò tíì dé, ọmọ kan kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó pé bàálù òun yóò balẹ̀ ní Ìkẹjà ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìyá náà ṣírò bí ìyá ti ń ṣírò: Èkó sí Abẹ́òkúta kò ju wákàtí méjì lọ, nítorí náà aago mẹ́jọ ni ọmọ òun yóò jẹun. Ó ro láfún, ó se ẹ̀gúsí, ó pe àwọn ará ilé. Aago mẹ́jọ lù, ọ̀sán pọ́n, ilẹ̀ ṣú. Ọmọ náà ti balẹ̀ láyọ̀ o, ṣùgbọ́n àpótí rẹ̀ pẹ́ kí ó tó jáde, ó sì ní láti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an sí ilé kan ní Sùúrùlérè, wọ́n sì dá a dúró níbẹ̀ kí ó sùn. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ti ń sunkún. Nígbà tí ó wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ilé ìwòsàn ni ó ti lọ kí ìyá rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru sókè lóru. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọjọ́ àti àkókò méjì sí ẹ̀yìn àpò ìwé tí mo ń fi tíkẹ́ẹ̀tì sí: ìgbà tí bàálù yóò balẹ̀, àti ìgbà tí ó yẹ kí ará ilé máa retí ojú. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń bi mí pé kí ni ìkejì wúlò fún, nígbà tí kì í ṣe ara tíkẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé òun ni tíkẹ́ẹ̀tì ti ìyá.

Àwọn ọ̀dọ́ kan náà a tún máa wí fún mi pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ti tán, pé ìyá tí ó wà ní Ìsàlẹ̀-Igbẹ́ìn lè máa wo ojú ọmọ rẹ̀ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lórí fóònù láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì dúpẹ́ fún un. Mo tún gbà pé yíyá bàálù ti gba ẹ̀mí là. Mo ti gbé aláìsàn sí orí ìjókòó ní ọjọ́ tí wọ́n pè mí, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lókè òkun kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Inú mi dùn pẹ̀lú nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí fò láti Èkó lọ sí pápákọ̀ Gatwick ti Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2024, tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà náà sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan tí ìwé ọjà mi fi hàn mí, n kò sì lè pa á mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ wa ń rà kíákíá jù lọ, tí wọn kì í dúnàá dúrà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń rà ní alẹ́ tí wọ́n sì ń wọ bàálù rẹ̀ ní àárọ̀, ni tíkẹ́ẹ̀tì ìsìnkú. Ẹni tí kò rí àyè wá láti ọdún mẹ́wàá, nítorí iṣẹ́, nítorí owó ilé, nítorí ilé ìwé ọmọ, yóò rí i láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n bá ti pè é pé baba ti sùn. Nígbà náà ni yóò tó mọ̀ pé wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni lóòótọ́.

Wọ́n á ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. N kò bá òwe náà jiyàn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó pa á gbé pẹ̀lú ọmọ wọn títí ọjọ́ ikú fi dé. Wọn kò pa á fún ọmọ tí ó fi bàálù wá sin ẹni tí kò fẹsẹ̀ wá kí. Ó dà bí ẹni pé kíkúrú ọ̀nà náà gan-an ni ó ń tàn wá. Ẹni tí ọkọ̀ ojú omi gbé lọ mọ̀ pé ilé jìnnà, nítorí bẹ́ẹ̀ ó ń ṣètò àbọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti gúnlẹ̀. Ẹni tí bàálù gbé lọ ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò jìnnà, òun lè lọ nígbàkúùgbà, ìgbàkúùgbà náà a sì máa di ìgbà kan tí kò dé. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí ìwé dá dúró, tí wọn kò lè jáde nítorí pé wọn kò ní lè padà wọlé, tí wọ́n fi etí fóònù sin òbí wọn. Àwọn wọ̀nyí kò jẹ̀bi, mo sì máa ń bá wọn sunkún. Àwọn tí ìwé wọn pé, tí iṣẹ́ wọn dúró, ni mo ń bá wí, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí: bí oníbàárà bá bi yín ní wákàtí, ẹ ka ọ̀nà náà fún un láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé tí ó ń lọ, kí ẹ sì sọ ti ìwé àti ti títì mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ mú ọjọ́ kan lọ́dún yìí, kí ẹ sọ ọ́ fún ìyá yín kí ẹ tó sọ ọ́ fún ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì náà tán, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ óò wọ Abẹ́òkúta ni kí ẹ sọ fún un, kí ẹ jẹ́ kí àwa tí ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì máa ka ti Ìkẹjà.